Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn: Ta ni yóò fún gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Ìgbómìnà ní àmì-ẹ̀yẹ?

Ilẹ̀kùn kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ti ń ṣí i, tí wọ́n ti ń tì í nígbà kan rí. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà. Igi ni. Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀, tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, ló gbẹ́ ẹ.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọnà lọ́hùn-ún sọ pé nínú gbogbo iṣẹ́ igi tó ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kò tíì rí èyí tó dára tó o. Wọ́n fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kábíyèsí gbà dípò rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, bí àlejò bá lè yin iṣẹ́ igi wa tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń yìn ín nílé? Ìgbà wo la gbọ́ gbẹ̀yìn pé ìlú kan pe gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí káfíńtà jáde lójú agbo, tó sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí ilé tó fi igi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tàbí òpó tó gbẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Ilẹ̀ Ìgbómìnà àti àwọn ìlú tó bá a pààlà, láti Òmù-Àrán dé Òsì, láti Odò-Ọwà títí dé Ìlá-Ọ̀ràngún, wà lára ibi tí iṣẹ́ ọnà igi ti gbilẹ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé nípa ère mọ orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí bí ẹni mowó. Àwa tí a ń gbé inú wọn gan-an ló dà bíi pé a ń gbàgbé.

TÍṢÀ TÓ WÁ SÍ ÒMÙ-ÀRÁN

Ẹ gbọ́ ti Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, ọmọ Odò-Ọwà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n bí i, ó sì jáde láyé ní 1975.

Ère Ẹpa ni òkìkí rẹ̀ fi kàn jù. Igi kan ṣoṣo ni, àmọ́ yóò gbẹ́ ọba tàbí jagunjagun sí àárín rẹ̀, yóò gbẹ́ onílù, ìyálọ́mọ, ẹmẹ̀wà àti ọmọ ogun yí i ká, àfi bí ẹni pé gbogbo ìlú ló dúró sórí igi náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá máa gbé e jó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọrùn rẹ̀ le.

Ní àwọn ọdún 1930, Bámigbóyè wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Òmù-Àrán, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tí àwọn òbí ń rán ọmọ lọ síléèwé kí ó lè di akọ̀wé, ẹnìkan wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán níbí tó ń fi yé wọn pé àáké àti ọ̀bẹ náà jẹ́ ìmọ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 títí wọ oṣù kìíní ọdún 2023, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ ọkùnrin yìí fún aráyé wò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa ṣe ìpàtẹ ńlá tó jẹ́ ti iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Wọ́n kó ère rẹ̀ jọ láti ibi púpọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí. Ọdún 47 lẹ́yìn tó ti kú ni iyì náà dé, ìlú òyìnbó ló sì ti dé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mélòó ní Òmù-Àrán ló lè dárúkọ rẹ̀ lónìí?

BÍ IGI ṢE Ń DI ÒPÓ

Àwọn àgbà inú òǹkàwé wa yóò rántí bí agbo ilé àtijọ́ ṣe rí. Àgbàlá yóò wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò yí i ká, òpó igi ni yóò sì gbé etí òrùlé dúró. Nílé mẹ̀kúnnù, òpó lásán ni. Nílé olóyè àti láàfin, òpó náà á ti di èèyàn: ẹlẹ́ṣin, ìyálọ́mọ tó kúnlẹ̀, ọba tó jókòó tí olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ní hínjì. Ara pákó náà ni wọ́n ti máa ń yọ ẹnu ṣóńṣó sókè àti sísàlẹ̀, tí yóò wọnú ihò, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn yóò sì ti máa yí. Ojú pákó yẹn ni gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń gbẹ́ ìtàn sí ní ìpele ìpele. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àbẹ̀wò òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kápítéènì Ambrose sí ààfin Ògògà ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n gbé òyìnbó náà lọ́rùn wá, kábíyèsí jókòó lórí ìtẹ́, àwọn olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìròyìn ni ilẹ̀kùn náà jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Iṣẹ́ yìí ní ìpele mẹ́rin, àwọn oníṣẹ́ sì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ọnà lílé, tí wọ́n máa fi àáké gé igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti máa ń jáde. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, èyí tí wọ́n fi ń fín irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í gbọ̀nà ẹ̀yìn dé ìpele kẹrin. Ọdún gbọọrọ ló fi ń dúró ti ọ̀gá rẹ̀.

Wọn kì í sì í fi igi kígi ṣe é. Ìrókò àti apá le, ikán kì í tètè rí wọn jẹ, òun ló jẹ́ kí wọ́n wúlò fún ilẹ̀kùn àti òpó. Igi tó fúyẹ́, ère kéékèèké ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹni tó bá ṣi igi yàn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í tọ́jọ́.

Nígbà tí páànù gba ipò ewé àti koríko lórí òrùlé, tí bíríkì àti sìmẹ́ńtì gba ipò amọ̀, àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, òpó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn onírin wá dé nítorí olè. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ààfin ni wọ́n ti wó tí wọ́n sì tún kọ́ tó jẹ́ pé ẹwà kan kúrò níbẹ̀ tí kò padà wá mọ́.

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE Ń YÌN

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àmì-ẹ̀yẹ. Yorùbá tó sọ pé yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn ti mọ̀ pé ẹni tí a kò bá yìn, ọwọ́ rẹ̀ á rọ.

Ọba ló máa ń kọ́kọ́ fún oníṣẹ́ igi ní iyì. Èfọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, àmọ́ ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló ti rọ́wọ́ mú, kí àwọn ọba ìlú mìíràn tó máa ránṣẹ́ sí i. Bí ọba ìlú kejì bá gbọ́ pé ọba ìlú kìíní ní òpó tuntun, òun náà yóò fẹ́ ti òun. Ìdíje nìyẹn, àwọn tó sì mọ ohun tí wọ́n ń wò ló ń ṣe onídàájọ́ rẹ̀.

Oríkì ni àmì-ẹ̀yẹ kejì. Ọlọ́wẹ̀ jáde láyé ní 1938. Ní 1988, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún gbáko, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, tó gbà á sílẹ̀. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi mọ ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́ àti irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ní 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ fún òun nìkan. Ká ní obìnrin yẹn kò ki oríkì ni, bóyá èyí tó pọ̀ nínú ìtàn náà ì bá ti bọ́ sọnù.

Orúkọ ni ẹ̀kẹta. Ìlú Òsì ní ìpínlẹ̀ Kwara ni Àreògún ti wá, ẹni tó gbáyé láti nǹkan bí 1880 títí di 1954. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é yìí túmọ̀ sí ẹni tó fi irin iṣẹ́ Ògún wá owó, tó sì ń ná an fàlàlà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe orúkọ òtòṣì! Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà níyì, ó sì rí jẹ.

LÁTI ÌLÁ DÉ UNESCO

Ọmọ Ìgbómìnà tí aráyé fún ní àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù nídìí iṣẹ́ igi ni Olóògbé Alhaji Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún, sí ìdílé tó ti ń gbẹ́ igi láti ìran dé ìran. Orúkọ àárín rẹ̀ ti sọ ohun tí ìdílé wọn ń ṣe: ọlọ́nà dé. Òun kan náà ló wà nínú gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tó ń gbẹ́ ọnà.

Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. George Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì, wà lára àwọn ọ̀gá tí wọ́n mú wá síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì ti lọ tún iṣẹ́ kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé baba rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni Làmídì, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀sìn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní 1962, ó lọ sí Páríìsì láti tún ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ọdún 1987 ló gbẹ́ ẹ. Ní 2006, àmì-ẹ̀yẹ tí UNESCO ń pè ní Living Human Treasure tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣúra, nítorí ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni Fákẹ́yẹ jáde láyé.

Ohun tó dára nínú àmì-ẹ̀yẹ ti Fákẹ́yẹ ni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Kò dà bíi ti Bámigbóyè àti Ọlọ́wẹ̀, tó jẹ́ pé orí ikú ni ìyìn ńlá ti bá wọn.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE LÓKÈ ÒKUN

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ní igi púpọ̀ kò fi iṣẹ́ igi ṣeré. Ní Sweden, láti 1967 ni wọ́n ti ń fún àwọn ayàwòrán ilé ní ẹ̀bùn fún ilé tí wọ́n fi igi kọ́ tó bá dára jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ni wọ́n fi sọ orúkọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, kó tó wá di èyí tí wọ́n ń pè ní Wood Awards. Àwọn onídàájọ́ rẹ̀ kì í wo fọ́tò kí wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n máa ń rin ìrìn àjò lọ sídìí ilé tó bá yege dé ìpele kejì, wọ́n á fọwọ́ kan igi náà.

Ìṣírí báyìí wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ igi máa tẹ̀ síwájú lọ́dọ̀ wọn. Ní Norway, wọ́n parí ilé onígi kan ní 2019 tó ní àjà 18, tó sì ga ju mítà 85 lọ. Ní 2022, ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà kọ́ èyí tó ní àjà 25, igi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀. Wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó mọ́ pákó títí yóò fi le bí irin. Àwọn tó rò pé ilé igi jẹ́ ti aláìní, ẹ gbọ́ o.

Wọ́n sì ń gbin òmíràn sípò èyí tí wọ́n bá gé. Níbí, ìrókò tí baba ńlá ẹni bá nígbó la gé, a kò gbin ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ TÍ MÁKÒKÓ KỌ́ WA

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo pé ká ṣáà ti dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ orí omi tó wà ní Mákòkó, nílùú Èkó, yẹ̀ wò.

Ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà kan, Kúnlé Adéyẹmí, ló ya àwòrán rẹ̀. Igi àti ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ará àdúgbò sì lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Àjà mẹ́ta ló ní, ó ga tó mítà mẹ́wàá, orí àgbá oníke 256 ló léfòó sí. Ọdún 2013 ni wọ́n parí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi gba gbogbo ayé kan, torí pé ojú omi ni àwọn ará Mákòkó ń gbé, omi kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn ilé orí ilẹ̀.

Ní 2016, ilé ẹ̀kọ́ yìí wọ inú 19 tí wọ́n yàn kí wọ́n tó mú àwọn tó gba ẹ̀bùn Aga Khan, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó tóbi jù fún ilé kíkọ́ lágbàáyé. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Adéyẹmí gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi ìpàtẹ Venice ní Ítálì, níbi tó ti kọ́ irú ilé náà kejì fún àwọn èèyàn láti wò.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2016, tí ìyìn Venice kò tíì kúrò létí àwọn èèyàn, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó. Èyí tó wà ní Mákòkó wó lulẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀ ṣáájú, kò sí ẹni tó fara pa.

A kò sọ èyí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Adéyẹmí kò dúró síbẹ̀, ó ti tún irú ilé náà ṣe, ó sì ti kọ́ òmíràn sórí omi ní Cape Verde ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe kedere: àmì-ẹ̀yẹ kì í gbé òrùlé dúró. Igi tó wà lójú òjò àti omi ń fẹ́ ẹni tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́, tí yóò máa pààrọ̀ èyí tó bá jẹrà, tí yóò sì rí owó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

ÒKÚTA Ẹ̀SÌẸ́ ÀTI IGI ÌGBÓMÌNÀ

Àpẹẹrẹ ohun tí ìtọ́jú lè ṣe wà nítòsí wa. Ní 1933, òyìnbó kan tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, Ramsay lorúkọ rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ tó ìjọba létí. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ère náà ń lọ bí ẹgbẹ̀rún kan. Ní 1945, wọ́n kọ́lé fún wọn níbẹ̀, òun sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, Ẹ̀sìẹ́ ni.

Òkúta lè dúró de ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Igi kò lè dúró. Ikán kan, òjò kan, iná kan, ó ti parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rí ògidì òpó Ọlọ́wẹ̀ tó ti ààfin Ìkẹ́rẹ́ wá, Chicago ni yóò lọ, torí pé láti 1984 ni ilé ọnà ìlú náà ti ní ọ̀kan lọ́wọ́.

Olè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tó dá àjọ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 ka iṣẹ́ igi tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé, àti èyí tí wọ́n bá ti lò nínú ètò ìbílẹ̀, sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá wá ra ilẹ̀kùn baba yín lóru, tó ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Lójú tiwa, kò yẹ kí ilẹ̀ Ìgbómìnà dúró de UNESCO tàbí Yale. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ń ṣe ọdún ìlú, wọ́n ń fi oyè dá olówó lọ́lá, wọ́n ń fún àwọn olóṣèlú ní àwo tí wọ́n kọ orúkọ sí. Nínú irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ná wa láti ya àmì-ẹ̀yẹ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ igi?

Àmọ́ kó jẹ́ mẹ́ta. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí káfíńtà, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ àti ti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kí èkejì jẹ́ ti ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọba, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí onílé, torí pé láìsí ẹni tó ń gbéṣẹ́ fúnni, iṣẹ́ á kú. Kí ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, jẹ́ ti ẹni tó tọ́jú: mọ̀lẹ́bí tí ilẹ̀kùn tàbí òpó baba wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò tà á, tí ikán kò sì jẹ ẹ́. Kí wọ́n má sì fún ilé tuntun lẹ́bùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Kí ó kọ́kọ́ rí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn mélòó kan.

Àwọn onídàájọ́ kò wọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ wà níbẹ̀ láti gba ìpàtẹ. Yunifásítì Ìlọrin kò jìnnà, Yunifásítì Landmark sì ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ tó dára yàtọ̀ sí gbàrọgùdù ṣì wà láyé. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, torí ọjọ́ ń lọ.

Ní ti ẹ̀yin òǹkàwé wa tí iṣẹ́ igi àtijọ́ wà nínú ilé yín, ẹ má dúró de ayẹyẹ kankan. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ òpó kan ilẹ̀ tútù, ẹ fi òkúta gbé e sókè. Ẹ máa wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù bóyá ikán ti ń fà á. Ẹ má fi ọ̀dà kun ọnà tí wọ́n fín, yóò di ojú rẹ̀ pa. Bí páànù bá ń jò sí i lórí, òun ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó tún yàrá ṣe.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ pe ọmọ tó ní fóònù kó ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ìlú rẹ̀ àti ìgbà tó gbẹ́ ẹ fún un, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère wa tó wà lókè òkun ni wọ́n kọ sí ìdí wọn pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé wọn kò lórúkọ. Ẹni tó mọ orúkọ náà kò rí ẹni sọ ọ́ fún kó tó kú ni.